Ìbò Orí WhatsApp Kì Í Yí Òfin: Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Ń Tún Ìlànà Ìdìbò Rẹ̀ Ṣe

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò tán bọ̀rọ̀. Àwọn ará wa tó wà ní London àti Houston ń san owó ẹgbẹ́ déédéé. Bí a bá fẹ́ tún òrùlé ilé ìwé ṣe, àwọn ló ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ àpò. Síbẹ̀, wọn ò lè dìbò, nítorí ìwé òfin wa sọ pé ẹni tó bá wà nínú gbọ̀ngàn ìpàdé nìkan ló lè nawọ́. Ká tó ṣẹ́jú, ẹnì kan ti gbé ìbéèrè sórí WhatsApp ẹgbẹ́: ṣé kí ará òkè òkun máa dìbò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kó tó di alẹ́, àwọn tó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" ti lé ní 100. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n kan pè mí láti London.

"Akọ̀wé, òfin ti yí padà o. Ẹ fi orúkọ wa sínú ìwé olùdìbò."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òfin ò tíì yí padà."

Inú bí wọn gan-an. Wọ́n ní ṣé èèyàn 100 kì í ṣe èèyàn ni. Ó tó oṣù kan gbáko kí n tó lè ṣàlàyé fún wọn débi tó fi yé wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Pé ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ nǹkan, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Pé ẹgbẹ́ ti fẹnu kò lé e lórí lọ́nà tí òfin rẹ̀ là sílẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yí bí wọ́n ṣe ń dìbò padà, bí wọ́n ṣe ń dìbò tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n máa fi yí i. Òfin àtijọ́ ló ń gbẹ̀bí òfin tuntun. Bí ìwé yín bá sọ pé àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn nìkan ló ní ìbò, àwọn yẹn náà ló máa dìbò pé kí àwọn tí kò sí nínú gbọ̀ngàn ní ìbò. Ó jọ ìrẹ́jẹ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta kò lè fúnra rẹ̀ ṣí i, àfi kí ará inú ilé dìde. Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì rẹ̀: bí olúkúlùkù bá lè fi ọ̀nà tó wù ú yí òfin padà, ẹni tí nọ́ńbà pọ̀ jù lórí fóònù rẹ̀ ni yóò máa ṣe alága lọ.

Ìwé mẹ́ta tí wọ́n máa ń pa pọ̀

Bí wọ́n bá ní "òfin sọ pé", ẹ béèrè pé òfin wo. Òfin ilẹ̀ kọ́kọ́ wà. Ní Nàìjíríà, èyí tó kan ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè ni òfin CAMA (Companies and Allied Matters Act), òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní August 2020, tó rọ́pò ti 1990. Apá F nínú rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn trọ́stíì, ìyẹn àwọn tó ń di ohun ìní ẹgbẹ́ mú lórúkọ ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, àjọ aláàánú. Àjọ CAC (Corporate Affairs Commission) ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. (CAC ti Àbújá ni mo ń sọ o, kì í ṣe Ìjọ Àpọ́sítélì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bàbá àgbà kan béèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí ló kan pásítọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdìbò wa.) Òfin ilẹ̀ yìí ní kí ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ ohun tí ẹgbẹ́ wà fún, bí wọ́n ṣe ń yan àwọn trọ́stíì, bí ìpàdé ṣe ń lọ, ibi tí owó ti ń wọlé àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Kò sọ fún yín bóyá kí ẹ nawọ́ tàbí kí ẹ ju ìwé sínú àpótí. Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín.

Ìwé kejì ni ìwé òfin ẹgbẹ́ gan-an, tí àwọn kan ń pè ní kọnstitúṣọ̀n. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ẹni tó lè dìbò àti bí a ṣe lè tún òfin náà ṣe. Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe. Ní ọ̀pọ̀ ìwé, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà, níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń kà á. Ìwé kẹta ni ìlànà tí ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò ń kọ ní gbogbo ìgbà tí ìbò bá dé: ọjọ́ tí wọ́n á gba fọ́ọ̀mù, iye owó fọ́ọ̀mù, aago tí ìbò á bẹ̀rẹ̀. Ìwé kẹta kò lè bá ìkejì jà. Bí ìwé òfin bá ní ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, ìgbìmọ̀ kò lè torí pé àkókò ti lọ kó ní kí ẹ dìde dúró kí wọ́n kà yín. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo rí lórí ìdìbò, ibí yìí ló ti bẹ̀rẹ̀: ìgbìmọ̀ kékeré kan fi ìwé kẹta tún ìwé kejì ṣe, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ bá ti forúkọ sílẹ̀, àtúnṣe tí ẹ bá fẹnu kò sí nínú gbọ̀ngàn ṣì gbọ́dọ̀ dé CAC, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti fọwọ́ sí i. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ń lo ìwé òfin mìíràn fún ọdún mẹ́jọ, tí èyí tó wà nínú fáìlì CAC sì jẹ́ ti àtijọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dé ilé ẹjọ́ ni wọ́n tó mọ̀ pé ìwé méjì làwọn ní.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta ti kí ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dà rú jù. Ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 300. Àwọn tó ti san owó ọdún jẹ́ 120. Lọ́jọ́ ìpàdé, 70 jókòó. Wọ́n gbé àtúnṣe síwájú wọn: 40 gbà, 22 kọ̀, 8 kò nawọ́ síbì kankan. Ṣé àtúnṣe náà wọlé?

Ìdáhùn wà lọ́wọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé òfin. Bí ó bá sọ pé "ju ìlàjì àwọn tó dìbò lọ", 62 ló dìbò, 40 ju 31 lọ, ó wọlé tayọ̀tayọ̀. Bí ó bá sọ pé "ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò", 62 ọ̀hún náà la máa pín: ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 41 àti díẹ̀, a kì í sì í gé èèyàn sí wẹ́wẹ́, nítorí náà 42 la nílò. Èèyàn méjì ló dín. Bí ó bá sọ pé "ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà níjokòó", 70 la máa pín, a ó sì nílò 47. Àwọn 8 tó káwọ́ lẹ́rán ti di ẹni tó kọ̀, bí wọ́n tiẹ̀ rò pé àwọn ò dá sí i. Bí ó bá sì sọ pé "ju ìlàjì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ", 151 la ń wá nínú gbọ̀ngàn tí èèyàn 70 jókòó sí. Ẹgbẹ́ tí ìwé òfin rẹ̀ kọ ọ́ báyìí ti ti ilẹ̀kùn, ó ti ju kọ́kọ́rọ́ sódò.

Ìbò kan náà ni, ìdáhùn mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí ẹ tó bá ara yín jiyàn bóyá àtúnṣe dára, ẹ ka gbólóhùn yẹn sókè, ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ nílò sójú pátákó kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́. Bí ẹ bá dìbò tán kí ẹ tó máa wá ìtumọ̀ rẹ̀, olúkúlùkù á túmọ̀ rẹ̀ síbi tí ọkàn rẹ̀ fà sí.

Ìwé ìpè sípàdé náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ìwé òfin á ní kí ọjọ́ 21 tàbí 14 wà láàárín ìgbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ àti ọjọ́ ìpàdé, kí ọ̀rọ̀ àtúnṣe náà sì wà nínú ìwé ìpè gan-an bó ṣe máa rí nínú òfin. Wíwulẹ̀ kọ "àtúnṣe òfin" kò tó, torí ẹni tó rí i bẹ́ẹ̀ lè sùn sílé, èyí tó bá mọ̀ pé ìbò òun ni wọ́n fẹ́ gbà kò ní í sùn. Bákan náà ni iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ jókòó kí ìpàdé tó pé. Bí ìwé ẹgbẹ́ oní 300 yìí bá ní ìdá kan nínú márùn-ún, 60 nìyẹn. Àwọn alárékérekè mọ èyí dáadáa: bí wọ́n bá rí i pé àwọn ò ní borí, èèyàn 11 á dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe gáà, 59 á kù, ìpàdé á tú.

Nígbà tí àwọn amòfin fúnra wọn yí tiwọn padà

Àpẹẹrẹ tó kún jù tí mo mọ̀ ni ti Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin Nàìjíríà, NBA. Òun náà jẹ́ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú trọ́stíì, bíi tiwa tí a kò tó nǹkan. Iṣẹ́ wọn ni òfin, síbẹ̀ ìdìbò ti fọ́ ẹgbẹ́ wọn mọ́ wọn lórí rí. Ní August 1992, ìpàdé wọn ní Port Harcourt dàrú láì parí ìdìbò. Priscilla Kuye, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà, ló wà lórí àléfà nígbà náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ológun gbé àṣẹ jáde tó fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ́ ṣe olórí wọn, ó sì di 1998 kí wọ́n tó tún ní ààrẹ tí wọ́n fúnra wọn yàn.

Lẹ́yìn náà, aṣojú ló ṣì ń dìbò fún wọn. Ẹ̀ka Ìbàdàn á yan àwọn aṣojú tirẹ̀, Ìkẹjà á yan tirẹ̀, Kánò á yan tirẹ̀, àwọn wọ̀nyí á sì rìnrìn àjò lọ síbi ìpàdé láti yan ààrẹ. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀ka kékeré kò sọnù sábẹ́ ẹ̀ka ńlá. Ohun tí àwọn tó fẹ́ àtúnṣe ń tọ́ka sí ni pé bí olùdìbò bá kéré, ó rọrùn láti dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti bá wọn sọ̀rọ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì, láti ṣèlérí. Amòfin ọdọ́ tó ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún sì lè lo ogún ọdún láì dìbò fún ààrẹ rí.

Nígbà tí Augustine Alegeh jẹ́ ààrẹ, ní August 2015, ìpàdé gbogbogbò ní Àbújá gba ìwé òfin tuntun: amòfin kan, ìbò kan, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n á sì ti dì í. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe àwọn amòfin tó wà nílé tó ń retí ìbò o. Àwọn tó jókòó sípàdé lábẹ́ òfin àtijọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, ní 2016, A.B. Mahmoud ní ìbò 3,055, J.K. Gadzama ní 2,384. Gadzama kò gbà, ó kọrí sí ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé, agbẹjọ́rò tó bá fìdí rẹmi sì tún mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iye ìbò tí wọ́n kà fún àwọn tó du ipò ààrẹ ṣe ń gòkè: 5,439 lápapọ̀ ní 2016, 12,245 ní 2018, 18,201 ní 2020, 34,564 ní 2022, 40,440 ní 2024. Láàárín ọdún mẹ́jọ, ó lé ní ìlọ́po méje. Ohun tí òfin tuntun ṣe nìyẹn, àríyànjiyàn yòówù kó tẹ̀ lé e.

Ó tún yí irú ẹni tó ń wọlé padà. Nínú ìwé òfin NBA, ipò ààrẹ ń yí po láàárín apá mẹ́ta: Àríwá, Ìlà Oòrùn, Ìwọ̀ Oòrùn. Ní 2020, ó kan Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹgbẹ́ Amòfin, tí í ṣe ti àwọn amòfin ọmọ Yorùbá, fa Dele Adesina kalẹ̀. Babatunde Ajibade náà jáde. Àwọn méjèèjì ni SAN (Senior Advocate of Nigeria), oyè àwọn àgbà amòfin. Ẹnì kẹta ni Olumide Akpata, ọmọ Ẹdó, tí kì í ṣe SAN. Ìwé òfin NBA sì ka Ẹdó mọ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Akpata ní 9,891, Ajibade 4,328, Adesina 3,982. Adesina ní kí wọ́n fagi lé ìdìbò náà. Títí dòní, àwọn kan ṣì máa ń sọ pé bí àwọn Yorùbá méjì yẹn ò bá pín ìbò ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ẹ bá mi ro ó: tiwọn pọ̀ jẹ́ 8,310. Kò tó 9,891. Ohun tó yí padà ju ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lọ. Láyé aṣojú, bí àwọn àgbà bá fọwọ́ sí ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ló ń dìbò. Nígbà tí gbogbo amòfin bá ń dìbò lórí fóònù, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin ní ìbò kan, àgbà amòfin ní ìbò kan. Èmi ò ní sọ fún yín bóyá èyí dára tàbí kò dára. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá dábàá irú àtúnṣe yìí nínú ẹgbẹ́ yín gbọ́dọ̀ mọ̀ pé agbára ló ń pín.

"Gbogbo amòfin" tí mo sọ yẹn náà ní ààlà. Ẹni tí kò bá san owó iṣẹ́ amòfin rẹ̀ tó fi di March 31, tàbí tí kò san ti ẹ̀ka rẹ̀, kò sí nínú ìwé olùdìbò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó yìí dáadáa nínú ẹgbẹ́ tiyín. Òfin lè sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan, kí akápò sì fi ìwé ẹ̀rí owó pín ìbò fún ẹni tó wù ú. Mo ti rí i rí tí ẹnì kan san gbèsè ọdún márùn-ún fún ogójì èèyàn lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ mọ́ tí ìbò dé. Ọjọ́ tí a máa dáwọ́ gbígba owó dúró kí ìdìbò tó wáyé jẹ́ òfin ìdìbò, bó tilẹ̀ wà lábẹ́ àkòrí "owó ẹgbẹ́".

Ohun kan ṣì wà nínú èsì NBA tí kì í yé èèyàn. Ní 2018, Paul Usoro wọlé pẹ̀lú 4,509. Arthur Obi Okafor ní 4,423. Ernest Ojukwu ní 3,313. Ìbò 86 péré ló wà láàárín ẹni kìíní àti ìkejì, Usoro sì di ààrẹ pẹ̀lú nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò dìbò fún un pọ̀ ju àwọn tó dìbò fún un lọ. Kò sí ojoro nínú ìyẹn fúnra rẹ̀: òfin ní ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, kò sọ pé kó ju ìlàjì lọ. Ní 2024, Afam Osigwe ní 20,435 nínú 40,440, òun kọjá ìlàjì díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ìlàjì ni wọ́n ń lò ní 2018 ni, Usoro àti Okafor ì bá tún padà sójú pápá, àwọn 3,313 tó dìbò fún Ojukwu ni ì bá sì sọ ẹni tó máa wọlé. Ẹgbẹ́ tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń du ipò alága níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́ nínú méjèèjì. Ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ń ná owó àti àkókò. Ìbò kan ṣoṣo ń bí alága tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́.

Fóònù, àti ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú

Bí ẹgbẹ́ bá ti ní ẹ̀ka ní òkè òkun, fóònù ni gbogbo èèyàn á máa pariwo. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù Google tí akọ̀wé ṣe fúnra rẹ̀ kì í ṣe àpótí ìbò. Bí fọ́ọ̀mù náà bá ń gba àdírẹ́sì ímeèlì, ẹni tó ṣe é á rí ẹni tó dìbò fún ta. Bí kò bá gbà á, ẹnì kan lè dìbò lẹ́ẹ̀mẹrin kó sì máa rẹ́rìn-ín. Ìbò gidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ fún olúkúlùkù, èyí tó ń kú lẹ́yìn tó bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó nílò ẹni tí kì í ṣe olùdíje, tí kì í ṣe ẹbí olùdíje, láti máa bójú tó o. Ó sì nílò pé kí aṣojú olùdíje kọ̀ọ̀kan rí ìwé olùdìbò tó wà níbẹ̀ kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ìwé olùdìbò torí àròyé tí mo máa ń gbọ́ jù nípa ìbò orí fóònù kò kan ẹ̀rọ rárá. Orúkọ ni wọ́n ń jà lé lórí: ta ni wọ́n yọ, ta ni wọ́n fi kún un, ta ni nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kò dé. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìbò wà ní ṣíṣí fún wákàtí 24, torí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Ìbàdàn, Houston ṣì ń sùn.

Àwọn ẹgbẹ́ kan fẹ́ràn kí ẹni tí kò lè wá fún ẹlòmíràn ní ìbò rẹ̀ dì. Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ fi ààlà sí i, kí ẹnì kan má di ìbò ju méjì lọ dání. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, National Trust, àjọ aláàánú tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, ti ní wàhálà lórí èyí: ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ń fi ìbò wọn lé alága lọ́wọ́ pé kó dì í bó ṣe rí i pé ó tọ́, àwọn mìíràn sì ń sọ pé èyí sọ alága di alágbára jù. Láti 2022 ni wọ́n ti fi ìlà kan sínú ìwé ìdìbò wọn, tí ẹni tó bá fàmì sí i ti gba gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ alábòójútó dábàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn náà tún dá àríyànjiyàn tuntun sílẹ̀.

Lójú tèmi, ọjọ́ tí òfin tuntun máa bẹ̀rẹ̀ ló lè pa àtúnṣe tàbí kó gbà á là. Bí ìbò bá ku oṣù mẹ́ta, kò sí àtúnṣe tí wọn ò ní í sọ pé nítorí ẹnì kan pàtó ni. Ẹni tó wà lórí àléfà á rò pé wọ́n fẹ́ fi yọ òun. Ẹni tó ń du ipò á rò pé wọ́n fẹ́ fi dí òun lọ́nà. Ẹ kọ ọ́ sínú àtúnṣe náà pé ìdìbò tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó kù sílẹ̀ yìí ló máa kàn. Nígbà yẹn kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òun ló máa jèrè, ọ̀pọ̀ á sì lè ro ohun tó dára fún ẹgbẹ́.

A kò mọ èyí nígbà àkọ́kọ́. Ìṣirò tí mo ṣe lókè yẹn, tiwa ni: 40 gbà, 22 kọ̀, 8 káwọ́ lẹ́rán. Ìwé wa ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò. Èèyàn méjì ló dín, oṣù méjì ló sì kù kí a yan alága. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí ìbò ti kọjá tí ọkàn sì ti rọlẹ̀, a tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá, a fi gbólóhùn kan kún un nípa ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. 58 gbà, 9 kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London dìbò lórí fóònù nígbà tí àsìkò tó. Ẹni tí wọ́n dìbò fún kò wọlé. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Akọ̀wé," wọ́n ní, "ta ló ka ìbò yìí gan-an?"

Mo dárúkọ àwọn mẹ́ta tó ka ìbò náà fún wọn. Ẹnì kejì nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn yàn.